Ẹyẹ Tí Kò Kọjá

Nígbà tí Besu jáde síwájú ilé láti fọ ẹnu láàárọ̀ Sátidé yẹn, bàbá ìyàwó rẹ̀ ti wọṣọ tán. Nokan ti so àdá mọ́ ìbàdí, ó ti gbé àpò olókùn kọ́ ẹ̀yìn, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Orúnkún ń dùn ún, kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, etí rẹ̀ sì ti di tó bẹ́ẹ̀ tí pásítọ̀ fi ní láti fẹnu kan etí rẹ̀ kó tó lè ṣe àmín sí àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pinnu nǹkan, ẹ kó ẹfọ̀n mẹ́fà wá kí wọ́n fà á, kò ní mira.

"Yutas, níbo lẹ̀ ń lọ?" Bí àwa ẹ̀yà Atayal, ará orí òkè, ṣe ń pe bàbá àgbà àti bàbá ìyàwó nìyẹn, Besu sì ní láti fi gbogbo ọ̀fun pè é.

"Mò ń lọ kí Ìyá Àgbà. Ìwọ lo máa sìn mí lọ."

"Lónìí?"

"Lónìí ni mo wọṣọ. Lọ́jọ́ Ajé, Sayun ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ta ló tún máa jẹ́ kí n gun òkè?"

Nínú ọjọ́ méje tí Ọlọ́run dá, òní nìkan ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gòkè lọ bá Ìyá Àgbà, òun nìkan ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Igi ni Ìyá Àgbà. Àwọn àlejò láti ìlú ńlá Taipei máa ń wá wo àwọn igi ńlá wa lójú ọ̀nà tí a là fún wọn. Wọ́n á dì mọ́ igi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ìrẹsì inú ọparun, wọ́n á sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Ó wà lókè pátápátá, lẹ́yìn odò kejì, níbi tí a kì í mú àlejò dé. Ènìyàn mẹ́wàá tó bá di ọwọ́ ara wọn mú kò lè yí ìdí rẹ̀ ká. Lára rẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí orí ènìyàn dé, kókó kan yọ síta tó tóbi ju ìkòkò ọtí lọ. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè tí à ń pè ní eku òkè ń wá kiri. Wọ́n á fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé e kúrò lára igi, wọ́n á lọ tà á fún àwọn tó ń fi gbẹ́ ère sí pálọ̀ olówó, igi á sì máa jẹrà láti ojú ọgbẹ́ náà títí yóò fi kú.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Besu fúnra rẹ̀ ló mú àwọn eku òkè dé ìdí Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kó má di àlọ́. Amọ̀nà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àlejò wo igi. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aseng wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì, wọ́n sùn nílé àlejò tí Pitay ìyàwó Besu ń bójú tó, wọ́n jẹun, wọ́n sì yin amọ̀nà wọn títí orí rẹ̀ fi wú. Aseng ní, "Àwọn igi ojú ọ̀nà yìí, gbogbo ayé ló ti rí wọn. Ṣé kò sí èyí tí ọkùnrin bíi tìẹ nìkan mọ̀?" Bí Besu ṣe mú wọn gòkè nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí Ìyá Àgbà, òkè ló máa ń wò. Aseng kò wòkè. Ó fi ìka kan kókó náà kó kó, ó sì gbé etí lé e bí ẹni tó ń ra bàrà.

Besu mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi bàtà òkè tuntun ránṣẹ́ sí i, bàtà gidi, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu rẹ́gí. Ó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́rú tó kọjá, Aseng pè é lórí fóònù. "Ṣé ẹnikẹ́ni ń gòkè lọ́jọ́ Sátidé?" Iná máa ń hàn lóru láti òdìkejì àfonífojì, torí náà ọ̀sán ni wọ́n yàn, ọjọ́ tí gbogbo abúlé máa wà lóko èso fún ìkórè. Besu ní kò sí ẹni tó ń lọ. Aseng dúpẹ́. Ó ní oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ dùn, pé àwọn ò lè gbàgbé ilé náà láéláé. Besu ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìkìlọ̀, ó sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà.

"Yutas, òjò máa rọ̀," ni ó pariwo báyìí.

"Ojú ọ̀run mọ́ ju ojú ẹ lọ."

"A ní àlejò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Pitay yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ ìyẹ̀fun. "Àlejò wo? Mo lè dá àlejò mẹ́jọ bójú tó. Kí ló ṣe ẹ́ tí o ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ sin òkú? Bàbá mi ò ní kí o pọn òun. Ó ní kí o bá òun rìn." Ó ki ìdì ìrẹsì mẹ́rin sínú àpò ọkọ rẹ̀, ó rọra sọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Jọ̀ọ́. Kò tún ní rí i mọ́."

Besu yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, ó pe Aseng. Fóònù ò wọlé. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí néètì lókè níbẹ̀, ohun tí ìyẹn sì túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti débẹ̀.

Ó ronú àtisọ òtítọ́ fún Pitay níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà síwájú ilé, ó gba àpò lọ́wọ́ bàbá àgbà, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ pé. Wọ́n gba inú oko ọparun kọjá, wọ́n sọdá odò àkọ́kọ́ lórí igi tí wọ́n tẹ́ lé e, kùrukùru sì ń yọ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Besu ń rìn jẹ́jẹ́ jù. Ó ń retí kó rẹ bàbá náà. Ó ń gbàdúrà kí orúnkún náà kọ̀, ojú sì ń tì í pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lòun ń gbà sí àgbàlagbà lára. Kàkà kó rẹ Nokan, ṣe ni ara rẹ̀ ń yá.

"Ò ń rìn bí ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ bàtà," ni ó wí láti ẹ̀yìn. "Ta ló ra ìyẹn fún ẹ?"

"Àlejò ni."

"Ta ni?"

"Àlejò!"

"Àlejò wo ló mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ? Àádọ́ta ọdún ni èmi àti ìyá Pitay lò pọ̀, ó kú láìmọ tèmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Besu kò yíjú padà.

Wọ́n jẹun létí odò kejì. Nokan bu ìrẹsì díẹ̀ sórí òkúta fún àwọn tó ti lọ, ó fi èyí tó kù sẹ́nu, ó sì ń sọ bí òun ṣe máa fọwọ́ kan igi náà, tí òun máa jókòó sí ìdí rẹ̀ díẹ̀, tí òun kò ní sọ nǹkan kan. "Mi ò fẹ́ fọ́tò," ni ó wí. "Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mò ń lọ."

Ìgbà yẹn ni Besu gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bíi kòkòrò tó ń hó lókèèrè. Ó ga sókè, ó wálẹ̀, ó tún ga. Ayùn ni. Kò jìnnà, bóyá ìrìn ogún ìṣẹ́jú sókè. Ó wo ojú bàbá náà. Nokan ń fọ ọwọ́ nínú omi, ó ń kùn orin ìsìn kan sí ara rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó yá," ni Nokan wí, ó sì dìde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ní gbogbo ìṣísẹ̀, ariwo náà ń lágbára sí i. Besu ń rò ó. Àwọn mẹ́ta ló wà lókè, wọ́n ní àdá, wọ́n ní ayùn, ẹ̀rù sì máa ń sọ irú wọn di ìkà. Bàbá yìí máa rìn wọ àárín wọn pẹ̀lú àdá rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀, á dúró síwájú igi, wọ́n á tì í ṣubú bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Bí wọn ò bá sì fọwọ́ kàn án, Aseng á rí Besu, á pè é lórúkọ bí ọ̀rẹ́. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà parí dáadáa àyàfi kí wọ́n padà. Kí ló lè mú kí Nokan Temu padà láti ojú ọ̀nà Ìyá Àgbà? Ẹ̀bẹ̀ ò lè mú un padà, kódà òjò ò lè ṣe é.

Nǹkan kan ṣoṣo ló lè dá a padà. Besu ronú kàn án, ó sì ṣe é kí àyà tó já a.

Ó dúró lójijì. Ó fọwọ́ kan èjìká bàbá náà, ó na ìka sí apá òsì ọ̀nà, ó sì fi ìka náà gé iwájú wọn kọjá sí apá ọ̀tún, kíá, bí ẹyẹ.

Kò sí ọmọ Atayal tí kò mọ àmì yẹn. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú ni sisil. Bí ó bá ń kọrin jẹ́jẹ́ ní ọ̀tún àti òsì, ẹ máa lọ. Bí ó bá ké ní kúkúrú tó sì gé ọ̀nà níwájú yín, ẹ padà. Ọdẹ tó ti tọ ipasẹ̀ ẹran fún ọjọ́ méjì á padà sílé lọ́wọ́ òfo nítorí ẹyẹ tí kò tó ẹ̀kúnwọ́.

Ojú Nokan yí padà. "O rí i?"

Besu mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òsì sí ọ̀tún?"

Ó tún mi orí. Ó ti ń yí ẹsẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò yí. Ó tẹ àdá rẹ̀ mọ́ itan, ó sì jókòó sílẹ̀ lágbede méjì ọ̀nà.

Ìdajì àṣà ni Besu rántí. Sisil kì í kàn kọjá. Bí ó bá kọjá, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ti ṣe ohun kan tó fi pamọ́ fún àwọn yòókù, bí wọn ò bá sì sọ ọ́ síta kí wọ́n tó padà, òkè á mú ẹnì kan nínú wọn, kò sì ní yan ẹni tó ṣẹ̀. Nǹkan tí à ń pè ní gaga nìyẹn, òfin tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ kì í fi sílẹ̀. Besu kì í ṣe ọdẹ. Àlejò àti fọ́tò ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ti gbàgbé.

"Jókòó," ni Nokan wí. "Àwa méjì la wà níbí. Ọ̀kan nínú wa ni. Èmi ni mo dàgbà, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ."

"Yutas, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé la ti máa sọ ọ́."

Ilẹ̀ ni Nokan ń wò. Lókè, ayùn náà ga sókè, ó sì dúró lórí ohùn kan bí ẹni tó ti rí ibi tó rọ̀.

"Ọjọ́ tí Piling bàbá ẹ kú," ni bàbá àgbà náà wí, "sisil kọjá."

Besu jókòó.

"Piling wà níwájú, mo wà lẹ́yìn. Etí mi mú nígbà yẹn, ó mú ju ti ajá lọ. Mo gbọ́ ọ lápá òsì, ó ké lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gé ọ̀nà. Piling ò rí i. Ó yíjú padà, ó ní, 'Nokan, ṣé o gbọ́ nǹkan?' Mo ní rárá. A ti ń tọ ipasẹ̀ ìmàdò kan láti ìdájí. Èmi ni mo fẹ́ ṣí ilé tuntun lọ́jọ́ kejì. Gbogbo abúlé ń bọ̀ wá jẹun, ẹran ò sì tó. Mo fẹ́ ẹran yẹn. Mo ní, 'Mi ò gbọ́ nǹkan kan, máa lọ.' Kò rìn tó ogójì ẹsẹ̀ tí òkúta fi yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó sì ṣubú lọ."

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Besu nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé òjò ló mú kí òkúta yọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú, ìyá tó ṣì wà láyé, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ abúlé, tí Nokan máa ń gbé igi ìdáná fún ní gbogbo ìgbà òtútù, tí àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan," ni Nokan wí. "Ìyá Pitay kú láìgbọ́ ọ. Nígbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í di, inú mi dùn. Mo ní kó kúkú di." Ó gbé ojú sókè, ó sì wo ọkọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Tèmi nìyẹn. Ṣé ìwọ ní nǹkan kan?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Besu fẹ́ gbá bàbá náà létí. Ó fẹ́ sunkún. Ó fẹ́ bi í léèrè irú ẹran wo ni wọ́n wá jẹ lọ́jọ́ ìṣílé náà, bóyá wọ́n jẹ ẹ́, bóyá ó dùn. Nínú gbogbo ìbínú yẹn, orí olè rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́, ó sì ń sọ fún un pé ọ̀nà ti là. Kò ní láti sọ nǹkan kan mọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ti yọjú, kì í sì í ṣe òun. Wọ́n lè padà báyìí. Bàbá náà á lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí òun rí Ìyá Àgbà, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó mi orí. Rárá.

"Ó dáa," ni Nokan wí. "Tèmi ni, nígbà náà. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò tọ́ kí n rí i."

Ó di igi kékeré kan mú láti dìde. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó tún gbìyànjú, ó nà ró, ó sì yí ojú sí ìsàlẹ̀. Kò ṣàròyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ lé láàárín òkúta, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Ẹyẹ ò kọjá," ni Besu wí.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Nokan ò gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ mìíràn, ó dúró láti mí, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ẹnu Besu ń mì.

"Ṣé o sọ nǹkan?"

Besu mọ ìdáhùn tó rọrùn jù. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu bàbá yìí, ó sì ti gbọ́ ohun tó ná bàbá tirẹ̀.

Adití ni ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rọra jẹ́wọ́ fún adití.

"Ẹyẹ ò kọjá!" ni ó pariwo. "Irọ́ ni mo pa! Àwọn eku òkè wà lókè, wọ́n ń gé Ìyá Àgbà! Èmi ni mo mú wọn wá! Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lónìí!"

Ohùn náà lu òkè, ó padà. Ayùn náà dákẹ́.

Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ìró kankan nínú igbó àfi omi. Nokan kò gbọ́ ayùn tẹ́lẹ̀, kò sì gbọ́ ìdákẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bí Besu ṣe gbé ojú sókè, ó sì mọ̀. Ó gun ọ̀nà padà wá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Besu. Kò fa àdá yọ. Ó kàn dúró sí àárín ọ̀nà, níbi tó ti há jù lọ.

Àwọn mẹ́ta náà sáré wá láti inú kùrukùru. Aseng ló wà níwájú pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ìdọ̀tí igi pupa sì kún orí àti irun ojú rẹ̀.

"Besu," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ọ̀rẹ́. "Kí ni gbogbo ariwo yìí? O ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀ ná."

Besu sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàbá náà.

"Sọ fún bàbá kó yà fún wa."

"Kí ló wí?" ni Nokan béèrè.

"Ó ní kí ẹ yà!"

"Sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn fa àdá. Aseng gbé ọwọ́ sókè sí i, ó wo Besu dáadáa. "A mọ ilé ẹ o. A mọ yàrá tí ìyàwó ẹ ń sùn."

Ẹ̀rù ba Besu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló rán an létí nǹkan kan tí gbogbo wa mọ̀ nípa Pitay, pé kò sí àlejò tó ń sùn nílé rẹ̀ kó má kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìyá pásítọ̀.

"Ìwọ náà sùn nílé mi," ni ó wí. "Orúkọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé ìyàwó mi, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì yín. Tí nǹkan kan bá ṣe àwa méjì níbí, ojú ewé kan péré ni ọlọ́pàá máa ṣí."

Aseng dúró, ó ń ṣírò rẹ̀. Omi ń kán láti orí ewé sí ẹ̀yìn ọrùn Besu, kò sì jẹ́ nu ún. Níkẹyìn ọkùnrin náà tutọ́ sílẹ̀, ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lápá odò, níbi tí kò sí ọ̀nà. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Besu gbọ́ bí òkúta ṣe ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, títí ìró náà fi tán.

Nokan àti Besu gùn títí wọ́n fi dé òkè.

Wọ́n ti gé kókó náà dé ìdajì. Ó ṣì so mọ́ ara igi, ẹnu ọgbẹ́ náà là sílẹ̀ pupa, èérún igi bo ilẹ̀ bí gààrí, òórùn rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń bí èèyàn nínú. Nokan kọ́kọ́ wòkè, bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Ó wòkè pẹ́, títí dé ibi tí kùrukùru ti gba orí igi náà mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọgbẹ́.

"Ó máa yè bí?" ni Besu béèrè sí etí rẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Igi ò jọ ènìyàn, kì í tètè kú." Ó jókòó sórí gbòǹgbò kan. "Besu. Mo jẹ bàbá ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ. Tí o bá fẹ́, màá fi ìdákẹ́ san án fún ẹ. Adití ni mí, gbogbo ayé mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo ti lọ. A ó ní a bá wọn níbẹ̀ ni. Ta ló máa bi mí?"

Besu gbọ́ ọ dáadáa. Ó ro ti Pitay. Ó rò ó pé òun lè wà nínú ilé náà títí òun fi darúgbó, kí òun máa gbé igi ìdáná fún ẹnì kan ní gbogbo ìgbà òtútù, kí àwọn ènìyàn máa yin òun.

"Tí àwa méjèèjì bá dákẹ́, Yutas, ta ló máa ṣubú?"

Nokan ń wo ètè rẹ̀. Ó lóye rẹ̀, torí ó gbé ojú kúrò.

"Lọ́la ni ìsìn," ni Besu tún wí, ó sì gbé ohùn sókè. "Màá dìde lẹ́yìn orin kejì. Màá sọ tèmi. Ìyá mi máa wà níbẹ̀, ìlà kejì ló máa ń jókòó sí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, Besu kò di ọwọ́ náà mú. Kò tíì dárí jì í. Kò mọ̀ bóyá òun máa dárí jì í láé.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ," ni Nokan wí níkẹyìn. "Èmi ni mo dàgbà." Ó nu ojú. "Sọ tìẹ kí n gbọ́, bí o ṣe máa sọ ọ́."

Besu sọ ọ́.

"Mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ.

"Èmi gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́. Dìde dúró kí o sọ ọ́."

Besu dìde. Ó fa èémí sínú, ó gbójú sókè, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ Piling bàbá rẹ̀ níwájú.